Òǹkà Onígun Mẹ́ta Ti Wà Ṣáájú Gauss

Ìtàn tó gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ ìṣirò ni pé Carl Friedrich Gauss, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí ní 1777, ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbùjá láti ro 1 dé 100 pọ̀ nígbà tó wà ní ọmọdé, àti pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ òǹkà onígun mẹ́ta ti ṣẹ̀. Sartorius von Waltershausen, ọ̀rẹ́ Gauss tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní 1856, kò mẹ́nu kan 1 dé 100 rárá, àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ ló fi í kún un. Ìṣirò náà gan-an, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, 5,050, sì ti wà nínú ìwé tí wọ́n kà sí ti Alcuin ará York, ẹni tó kú ní 804.

Òǹkà onígun mẹ́ta ni àròpọ̀ tó ń jáde bí a bá ń ro 1, 2, 3 pọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn 1, 3, 6, 10, 15, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ tó bá tó iye wọ̀nyí ṣeé tò ní igun mẹ́ta. Onígun mẹ́rin ni 1, 4, 9, 16, tí òkúta wọn ṣeé tò ní òòró àti ìbú tó dọ́gba. Bí a bá ro onígun mẹ́ta méjì tó tẹ̀léra pọ̀, onígun mẹ́rin ni yóò dà, bí 6 àti 10 ṣe di 16, Nicomachus ará Gerasa, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì, sì ti kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi.

Ètò kan náà wà nínú Ifá. Ojú odù jẹ́ 16, odù kọ̀ọ̀kan sì ní apá ọ̀tún àti apá òsì, tí èyíkéyìí nínú 16 náà lè wà ní apá kọ̀ọ̀kan, èyí tó mú kí gbogbo odù jẹ́ 256. Bí a bá yọ àwọn odù méjì 16, tí apá wọn méjèèjì jọra, láti Ogbè Méjì dé Òfún Méjì, àmúlù 240 ló kù, ìdajì wọn, ìyẹn 120, sì ni àwọn tí odù àgbà, ìyẹn èyí tó ṣáájú nínú ètò 16 náà, wà lápá ọ̀tún, bí Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú, nígbà tí 120 yòókù jẹ́ àwọn tí àgbà wà lósì, bí Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè. Àròpọ̀ 1 dé 15 ni 120. Bí a bá fi odù méjì 16 kún ọ̀kan nínú àwọn 120 náà, yóò di 136, tí í ṣe àròpọ̀ 1 dé 16, àwọn onígun mẹ́ta méjèèjì yìí ló sì para pọ̀ di 256. Kì í ṣe pé Ifá ló kọ́ àwọn Gíríìkì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rí pé babaláwo sọ ọ́ di òfin ìṣirò. Ṣùgbọ́n babaláwo tí kò bá mọ Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú yàtọ̀ sí Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè, kò lè mọ ẹsẹ tí yóò kì. Ètò yìí kò sì dúró de ilé ìwé òyìnbó: ọpọ́n Ifá kan láti Allada, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Benin lónìí, ti wà nínú àkójọ Weickmann ní Ulm, ní Jámánì, nígbà tí wọ́n tẹ ìwé àkójọ náà ní 1659, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Gauss.

Ohun tó jẹ́ ti Gauss ju àròpọ̀ 1 dé 100 lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1796, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé gbogbo òǹkà odidi tó ju òdo lọ jẹ́ àròpọ̀ onígun mẹ́ta tí kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ ìṣirò Fermat ti sọ ṣáájú rẹ̀ láìfi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ẹ̀rí tí Gauss tẹ̀ jáde ní 1801 lo ohun tí àwọn Gíríìkì ti mọ̀, pé ìlọ́po mẹ́jọ onígun mẹ́ta èyíkéyìí, tí a bá fi 1 kún un, onígun mẹ́rin ni.