Láti Òguṣọ̀ dé Tọ́ọ̀ṣì Tí À Ń Ṣáájì: Ìtàn Iná Ọwọ́ ní Orè àti Odigbó

Ní ìsinmi tó kọjá, èmi àti àbúrò bàbá mi lọ ṣa ìgbín lóru ní oko kòkó wa lẹ́yìn Odigbó. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí mo rà ní gáréèjì Orè, tí wọ́n kọ 9,900 mAh sára bátìrì rẹ̀, kú mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó pé wákàtí kan. Bàbá kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tiwọn, a sì wálé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n béèrè ìtàn iná lọ́wọ́ wọn.

Òguṣọ̀ ló ṣáájú. Ìhá tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá fún epo pupa tán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jó tán. Fìtílà amọ̀ ń pẹ́, àmọ́ inú ilé ló dára fún. Nígbà tó yá, àwọn ọdẹ gba àtùpà kábáìdì: omi á máa kán sórí kábáìdì, gáàsì á jáde, iná á máa jó níwájú orí, ọwọ́ méjèèjì á sì ráyè di ìbọn mú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1899 ni David Misell gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí tọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí tọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ wa, bátìrì Tiger Head ni àwọn òbí wa mọ̀. Bí ó bá kú, wọ́n á sá a sóòrùn kó lè tún tàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sony gbé bátìrì lithium-ion jáde fún títà ní 1991, tí LED funfun ti Nichia sì tẹ̀lé e ní 1996. Àwọn méjèèjì yìí ló jẹ́ kí iná ńlá wọnú àpò ṣòkòtò.

Ṣùgbọ́n iná ọba la fi ń ṣáájì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná wà ní Omotosho, lójú márosẹ̀ Èkó sí Benin tó gba Orè kọjá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ọba.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè mẹ́ta tí ọdẹ ń bi àtùpà rẹ̀ ló yẹ ká bi tọ́ọ̀ṣì.

Ṣé yóò pẹ́? Bátìrì 18650, tó fẹ̀ ní mìlímítà 18, tó sì gùn ní 65, kì í sábà ju 3,500 mAh lọ, bó ti wù kó dára tó. Irọ́ ni 9,900. Ẹ ra èyí tí a lè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.

Kí ló ń jẹ, níbo la ti ń rí i? Èyí tó ń lo okùn fóònù yín, tí bátìrì rẹ̀ sì ṣeé yọ pààrọ̀, ló sàn jù.

Ṣé ó fi ọwọ́ sílẹ̀? Ẹ wá èyí tó ṣeé fi há fìlà.

Bàbá ṣì ń lo tọ́ọ̀ṣì wọn. Èmi náà ti ra òmíràn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ tàn án mọ́jú nínú yàrá kí n tó gbé e wọ oko.