Ọmọ Òkè-Ògùn Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì

Kí JAMB tó dé lọ́dún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń yan akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. JAMB ló sọ ìdánwò di ọ̀kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti 2005, àwọn yunifásítì tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lé e. Ní Ìbàdàn, wọ́n á pín máàkì JAMB sí ọ̀nà 8, wọ́n á pín ti àyẹ̀wò sí ọ̀nà 2, wọ́n á ro wọ́n pọ̀: ẹni tó gba 240 àti 60 ní 60 nínú 100.

Àyè tún wà fún ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, àti fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì múlẹ̀. Ọ̀yọ́ wà nínú ti àkọ́kọ́, kò sí nínú ìkejì. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo agbègbè. Nítorí náà, ọmọ Ṣakí àti ọmọ Bódìjà jọ ń du àyè kan náà ni, bí ilé-ìwé tí wọ́n ti wá kò tilẹ̀ dọ́gba.

Pọ́lì Ṣakí àti ọgbà LAUTECH ní Ìsẹ́yìn ti sún ẹ̀kọ́ gíga mọ́ ilé. Síbẹ̀, ẹ̀yin àbúrò wa, bí Ìbàdàn bá wù yín, ẹ ṣírò kí ẹ tó yàn án. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà ní Òkè-Ògùn. Ó tó kí wọ́n máa ka àwa náà.