Agídí Kì í Ṣe Oró: Ohun tí Aràn Tín-ín-rín Lè Fi Han Ilé Ìwòsàn ní Kumasi

Ìfáàrà

Ẹni tó bá gba Adum kọjá, ní àárín gbùngbùn Kumasi, yóò rí ilé ìtajà òògùn lọ́tùn-ún lósì. Ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye kò jìnnà síbẹ̀. Ẹbí aláìsàn a máa mú ìwé dókítà dání wá ra abẹ́rẹ́ tàbí òògùn apakòkòrò fún èèyàn wọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí yàrá àyẹ̀wò bá ti yẹ kòkòrò náà wò, èsì rẹ̀ ni dókítà fi ń mọ òògùn tó ṣì lè pa á àti èyí tí kò ràn án mọ́.

Ìbéèrè kan wà tí èsì yẹn kì í dáhùn: báwo ni oró kòkòrò náà ti pọ̀ tó? Nínú àpilẹ̀kọ yìí, agídí ni a ó máa pe agbára tí bakitéríà ní láti má kú nígbà tí òògùn bá kàn án. Oró ni a ó máa pe ìpalára tó lè ṣe fún ara tó bá wọ̀. Èrò wa ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, pé agídí nìkan ni ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò wa ń wọ̀n, àti pé aràn kan tí kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ lè bá wa wọn oró láìná owó gọbọi.

Ohun tí a ti mọ̀ ní Ghana

Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá ọdún 2016, àwọn olùwádìí wo aláìsàn 2,107 ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá káàkiri Ghana. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí 8.2 ló ní àkóràn tí wọn kò gbé wá láti ilé. Inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kó o. Àkóràn ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ló pọ̀ jù, tí ti inú ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ibi tí a gbé aláìsàn lọ fún ìwòsàn gan-an ni àìsàn kejì ti bá a.

Ní Kumasi fúnra rẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 yẹ ẹ̀yà bakitéríà 200 wò, èyí tí wọ́n gbà lára aláìsàn ní Komfo Anokye láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹjọ ọdún 2015. Ìdá 89.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń ṣagídí sí oríṣi òògùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo Pseudomonas aeruginosa àti Acinetobacter tí wọ́n rí ló wà nínú àwọn olóríkunkun yìí. Ọpẹ́ ni pé meropenem àti amikacin ṣì ń ran èyí tó pọ̀ jù nínú 200 náà nígbà yẹn.

Àwọn iye wọ̀nyí ṣe pàtàkì, nítorí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ikú tí agídí bakitéríà ń fà pọ̀ sí jù lágbàáyé ní 2019, bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n agídí ni gbogbo wọn ń sọ. Bí bakitéríà méjì bá jọ ṣagídí sí òògùn kan náà, èwo ló yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bẹ̀rù? Èsì náà kò sọ.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀

Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni Klebsiella pneumoniae. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdílé méjì ni àwọn onímọ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni ti ilé ìwòsàn: agídí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ara tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń rí gbé ṣe. Èkejì, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní Taiwan ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1989, lè mú ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ó sì dá eéwo sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ òògùn tó wọ́pọ̀ ń pa á. Ẹni tó bá fi agídí nìkan ṣe ìdíwọ̀n yóò ka èkejì yìí sí aláìléwu.

Ní 2016, ní ilé ìwòsàn kan ní Hangzhou, ní Ṣáínà, ìdílé méjèèjì pàdé nínú bakitéríà kan ṣoṣo. Aláìsàn márùn-ún tó wà ní ẹ̀ka ìtọ́jú àkànṣe lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló kó o, àwọn márààrún ló sì kú. Láti mọ̀ dájú pé oró ti dara pọ̀ mọ́ agídí, àwọn olùwádìí fi bakitéríà náà sára ẹ̀dá kékeré kan, ìdin àfòpiná. Èsì òògùn nìkan kò lè sọ ọ́ fún wọn.

Ẹnì kan lè ní kí a ka jíìnì bakitéríà náà, kí a fi mọ oró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2006, àwọn olùwádìí fi oríṣiríṣi ẹ̀yà Pseudomonas aeruginosa bọ́ aràn tí a mẹ́nu bà ní ìfáàrà, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé jíìnì tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní. Wọn kò rí jíìnì kan pàtó tí wíwà rẹ̀ fi hàn pé oró pọ̀ níbẹ̀. Àpapọ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń bí oró. Ohun alààyè la fi ń wọn oró.

Aràn náà àti iṣẹ́ rẹ̀

Caenorhabditis elegans ni orúkọ aràn yìí. Kì í ṣe aràn inú ọmọdé, kì í sì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Inú èso tó ti jẹrà ni a ti sábà ń bá a, bakitéríà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Sydney Brenner, ọmọ bíbí South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ló dábàá rẹ̀ fún ìwádìí ní 1963. Ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé a lè rí inú rẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù. Sẹ́ẹ̀lì ara 959 péré ni èyí tó jẹ́ akọ àti abo pọ̀ ní nígbà tó bá dàgbà. Láàárín ọjọ́ bíi mẹ́ta ó ti dàgbà, a máa bí nǹkan bí 300 ọmọ, kì í sì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láyé.

Oúnjẹ rẹ̀ ló mú un wúlò fún wa. Nínú láàbù, E. coli kan tí wọ́n ń pè ní OP50, tí kì í pa á lára púpọ̀, ni wọ́n fi ń bọ́ ọ lórí àwo pẹlẹbẹ tí agar dì sí bí ẹ̀kọ. Bí a bá mú OP50 kúrò, tí a fi bakitéríà láti ojú ọgbẹ́ aláìsàn dípò rẹ̀, aràn yóò jẹ ẹ́. A ó kó nǹkan bí ọgbọ̀n aràn sí àwo kọ̀ọ̀kan, a ó gbé e sínú àpótí tí ooru rẹ̀ dúró sí dígírì 25, a ó sì máa fi wáyà tín-ín-rín tọ́ wọn lójoojúmọ́. Èyí tí kò bá mira mọ́ ti kú. Àwo OP50 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra. Iye ọjọ́ tí ìdajì aràn fi kú ni ìwọ̀n oró bakitéríà náà.

Ní 1999, Man-Wah Tan, Frederick Ausubel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston fi hàn pé ìwọ̀n yìí ní ìtumọ̀. Wọ́n lo PA14, ẹ̀yà Pseudomonas kan tó wá láti ara ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ba àwọn jíìnì kan jẹ́ nínú rẹ̀, aràn pẹ́ kí ó tó kú. Púpọ̀ nínú bakitéríà tó di aláìlágbára yìí kò sì lè ṣe eku ní ohun tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n tún rí ọ̀nà ikú méjì: májèlé tí bakitéríà tú jáde a máa pa aràn láàárín wákàtí díẹ̀, àkóràn tó gbilẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ a sì máa pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Àtakò tó yẹ kí a gbọ́

Àtakò kìíní ni pé aràn kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Kò ní ẹ̀dọ̀fóró, kò ní ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ kò lè rántí àìsàn tó ti ṣe é rí, kò sì lè gba ooru ara wa, dígírì 37. Oró tó wà fún ara ènìyàn nìkan lè kọjá lára rẹ̀ láìhàn. Ìdin àfòpiná pàápàá kùnà níbi kan: ìwádìí ọdún 2020 sọ pé kò lè ya ìdílé Klebsiella méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a ń fún aràn ní ààlà. Kò lè sọ bóyá aláìsàn yóò yè. Ohun tó lè ṣe ni kí ó fi bakitéríà kan wé òmíràn. Ìfiwéra yìí ní ìpìlẹ̀, nítorí láti 2002 ni a ti mọ̀ pé apá kan lára ọ̀nà tí aràn ń gbà dáàbò bo ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní p38, wà lára tiwa náà.

Àtakò kejì ni pé ilé ìwòsàn tí omi ìfọwọ́ kò tó kò yẹ kó máa wá aràn kiri. Ọwọ́ fífọ̀ ló ṣáájú, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí yàrá àdádó kò bá tó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu aláìsàn tí a ó kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ìmọ̀ nípa oró àwọn ẹ̀yà tó ń jà nínú wọ́ọ̀dù yóò ran olùpinnu náà lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni iná mànàmáná. Ooru Kumasi ga ju èyí tí aràn fẹ́ lọ, bí ó bá sì kọjá dígírì 25 dáadáa, kò ní lè bímọ mọ́. Àpótí ìtútù tó ní bátìrì ni yóò borí dumsor, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti ilé eku. Aràn fúnra rẹ̀ ṣeé fi pamọ́ sínú yìnyín dígírì 80 sísàlẹ̀ òdo, kí a jí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ìpamọ́ aràn kan wà ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, tó ń fi ránṣẹ́ sí olùwádìí ní owó pọ́ọ́kú.

Ìgúnlẹ̀

Kumasi ní ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè. Komfo Anokye ní aláìsàn àti bakitéríà. Yunifásítì KNUST ní àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò. Ilé ìwádìí KCCR, tí Ghana àti ilé ìwádìí Bernhard Nocht ti Hamburg jọ gbé ró, ní ìrírí láàbù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Pseudomonas, Klebsiella àti Acinetobacter. Kí ẹni tó ń ka aràn má mọ bakitéríà tó wà nínú àwo. Kí wọ́n gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, kí wọ́n sì fi ọjọ́ ikú aràn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí wọ́n tẹ ìyẹn náà jáde. Bí wọ́n bá bára mu, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ náà lè mú un lò.

Ẹbí tó ń ra òògùn ní Adum ti mọ̀ bóyá kòkòrò tó mú èèyàn wọn yóò gbọ́ràn sí òògùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú onítọ̀hún tún mọ bí oró rẹ̀ ti tó.