Láti Odi Ìlú Dé Irin Ojú Fèrèsé: Bí Ìjẹ̀bú Ṣe Ń Ti Ìlẹ̀kùn

Ìlú ni àwọn Ìjẹ̀bú àtijọ́ kọ́kọ́ ń tì, kì í ṣe yàrá. Ẹni tó bá mọ Erédò Ṣùngbọ́ yóò gbà fún mi: odi amọ̀ àti kòtò jíjìn tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tó ga tó 20 mítà níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi. Àwọn àgbà ní Bilikísù Ṣùngbọ́, opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹnu ibodè ni oníbodè ń jókòó sí tó ń gbowó. Ẹni tí oníbodè kò bá gbà láyè, ẹ̀yìn odi ló máa sùn.

Nínú ìlú, agbo ilé kan, ẹnu ọ̀nà kan. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní irin kankan. Orí méjì tí wọ́n gbẹ́ mọ́ pákó náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló ń yí nínú ihò. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fi igi dábùú rẹ̀ láti inú. Lọ́sàn-án ńkọ́? Ojú àwọn àgbà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àgádágodo. Irú ìlẹ̀kùn yìí ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley lọ́dún 1924. British Museum ló wà di òní.

Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Èkó pẹ́, torí pé ọwọ́ wọn ni wọ́n fẹ́ kí òwò máa gbà kọjá. Oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ní ogun Ìmàgbọn, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí i. Láti ìgbà náà ni ìṣó, àgádágodo àti ọmọ kọ́kọ́rọ́ ti ń gba orí ọ̀sà wọlé wìtìwìtì. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti ń fi ilé kíkọ́ dárà ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Owó kòkó àti obì gbé irú ilé Àgùdà bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú-Igbó sì ní igi tó pọ̀ tó láti ṣe ìlẹ̀kùn wọn.

Kọ́kọ́rọ́ òyìnbó pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ le. Lọ́dún 1851, ní London, Alfred Hobbs ará Amẹ́ríkà ṣí kọ́kọ́rọ́ tí ilé iṣẹ́ Chubb àti Bramah ṣe láìlo ọmọ wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Linus Yale kékeré gbàwé àṣẹ lórí tirẹ̀: àwọn irin tín-tín tí gígùn wọn kò dọ́gba dí ojú kọ́kọ́rọ́, àfi ọmọ tí eyín rẹ̀ bá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ìwọ̀n ló lè yí i. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Àwọn Dogon ní Mali ń fi igi ṣe irú rẹ̀ sí ẹnu àká ọkà wọn.

Ká padà sílẹ̀ Ìjẹ̀bú: ní Àgọ́-Ìwòyè, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 kó àlejò wọ ilé onílé. Yàrá mẹ́wàá, àgádágodo mẹ́wàá, aládùúgbò kò mọ aládùúgbò. Èmi ò fẹ́ràn àgádágodo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, torí ó ń kéde fún olè pé onílé ti jáde. Kọ́kọ́rọ́ inú pákó sàn jù ú. Ẹni tó bá sì ń gbé etí ọ̀sà ní Ògùn Waterside, idẹ ni kó rà. Ọ̀rinrin kì í pẹ́ jẹ irin.

Ní báyìí, wẹ́dà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà: ìlẹ̀kùn irin níwájú, irin ní gbogbo ojú fèrèsé. Bí iná bá sọ lóru, onílé ló wà lábẹ́ ìdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí fèrèsé kan ó kéré tán ní irin tó ṣeé ṣí láti inú, kí ẹ so ọmọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibẹ̀.