Ipò Olùkọ́ àti Olùwádìí Èdè Yorùbá ní Yunifásítì: Láti Fourah Bay títí dé Abomey-Calavi

Èdè kì í dá wọ yunifásítì. Ènìyàn ni í mú un wọlé: ẹni tí a gbà síṣẹ́, tí a ń san owó oṣù fún, tí a sì fún ní àyè láti kọ́ni àti láti ṣe ìwádìí. Nítorí náà, ìtàn ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè Yorùbá jẹ́ ìtàn ipò iṣẹ́ pẹ̀lú. Ibi tí a bá fi ipò náà sí ni a ti ń pinnu ẹ̀ka-èdè tí a ó ṣe àpèjúwe rẹ̀, àkọtọ́ tí a ó gbà, àti irú ìwé tí yóò tẹ olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà àti Àjàṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Sàró ni ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1827 ni Ẹgbẹ́ Ìjíhìnrere C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀ nígbà tí ó yá. Ní 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni S. W. Koelle, ọmọ Jámánì, kọ́ni ní Fourah Bay kan náà. Ó bi àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú léèrè ọ̀rọ̀ ilé wọn, ó sì tẹ Polyglotta Africana jáde ní 1854. Ọ̀rọ̀ èdè àti ẹ̀ka-èdè tí ó ju 150 lọ ni ó wà nínú rẹ̀; Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìhìnrere ni a tìtorí rẹ̀ gba àwọn méjèèjì. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ èdè fara pamọ́ sí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà fún èdè Éṣíà àti Áfíríkà ṣílẹ̀kùn ní 1917. Ida Ward, onímọ̀ ìró-èdè, jẹ́ olórí ẹ̀ka Áfíríkà níbẹ̀. Ó kú ní 1949. Ìwé tí ó kọ lórí èdè Yorùbá jáde ní 1952. Ní àkókò yẹn, ẹni tí ó ni èdè ni ó ń sọ ọ́, àlejò ni ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbàdàn ni ọ̀ràn náà ti yí padà. Ní 1948 ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀. Ó di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962. Ayo Bamgbose, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní 1963, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ni ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ jáde ní 1965, gírámà rẹ̀ ní 1966. Ní 1966 yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó. Ní 1974 ni a fi àṣẹ sí àkọtọ́ tuntun ní Nàìjíríà. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní 1970, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn. Báyìí ni iṣẹ́ yunifásítì ṣe dé ọwọ́ olùkọ́ ọmọdé.

Irú ipò bẹ́ẹ̀ sọdá òkun pẹ̀lú. Nígbà tí a dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà sílẹ̀ ní yunifásítì Bahia, ní ìlú Salvador ní Brazil, ní 1959, E. L. Lasebikan ti Nàìjíríà lọ kọ́ni ní Yorùbá níbẹ̀. Àwọn tí baba ńlá wọn ti mú èdè náà dé ibẹ̀ nínú orin àti ìsìn wá ní olùkọ́ tí ó ń kọ́ wọn ní gírámà rẹ̀.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ààlà? Ní 1967, Abiodun Adetugbo fi iṣẹ́ ńlá kan lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia. Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni àkọlé iṣẹ́ náà dárúkọ, ibẹ̀ ni ó sì mọ. Kì í ṣe àléébù olùwádìí náà. Ibi tí iṣẹ́ ẹni bá gbé wà ni ẹsẹ̀ ẹni ń gbà rìn. Ní Dàhómì, èdè Faransé nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn fi ń kọ́ni, ọdún 1970 ni orílẹ̀-èdè náà sì tó ní yunifásítì tirẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá 1975, ọdún kan lẹ́yìn ìpinnu Nàìjíríà, ìjọba Dàhómì fi àṣẹ sí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí Ìbàdàn ń kọ ní «ọ̀pẹ» di «ɔ̀kpɛ». «Ṣe» di «she». Àǹfààní wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà ní Yorùbá lè fi lẹ́tà kan náà ka Fɔ̀n. Ìnira sì wà pẹ̀lú: olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ìwé Ìbàdàn ní Kétu gbọ́dọ̀ mọ àkọtọ́ méjì. Ìjọba méjì ni ó pinnu, lórí èdè kan ṣoṣo.

Ìgbésí ayé iṣẹ́ Olabiyi Yai fi ọ̀ràn náà hàn kedere. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀, ó sì di olórí ẹ̀ka èdè Áfíríkà àti Éṣíà ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ó ṣojú Bẹ̀nẹ̀ ní UNESCO, tí ó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ náà láti 2007 sí 2009. Ó ṣaláìsí ní 2020. Iyì ńlá ni èyí fún Ṣábẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yunifásítì lè ní láti kọjá ààlà kí ó tó rí ipò.

Láti 2001 ni yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1970 ti ń jẹ́ orúkọ Abomey-Calavi. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ni ni pé ìwádìí nílò ipò tí kì í tán nígbà tí owó ètò kan bá tán. Olùkọ́ tí kò ní àyè láti ṣe ìwádìí yóò máa tún ìwé ẹlòmíràn kà fún akẹ́kọ̀ọ́. Olùwádìí tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àrólé. Òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ó ń gbọ́ ohùn Kétu àti Ìdáàṣà lójoojúmọ́. Onímọ̀ yunifásítì ni ó mọ bí a ti í tò ó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Ìwé tí ọ̀kan bá kọ láìsí èkejì, ẹ̀ka-èdè ibòmíràn ni yóò fi kọ́ ọmọ Kétu.