Sítíárìn Ọ̀tún, Sítíárìn Òsì: Láti Èjìgbò dé Abidjan

Bí táyà ọkọ̀ bá kọjú síwájú gan-an, ó yẹ kí sítíárìn náà dúró ṣánṣán níwájú awakọ̀. Ẹni tó bá ti wọ kábúkábú láti Èjìgbò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òṣogbo mọ̀ pé kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ tààrà, sítíárìn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, awakọ̀ sì dì í mú bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá bi í, á ní kòtò ojú ọ̀nà ló fà á. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán. Sítíárìn tiwa ní ìtàn tó ti pẹ́ ju kòtò lọ.

Nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀ wa, kì í ṣe èdè ilé ìwé nìkan ni wọ́n pín. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá jọba, apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí: Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gambia. Ibi tí Faransé bá jọba, apá ọ̀tún ni. Ẹ wo ìyá àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà kí ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nàìjíríà: Dàhòmì (Bẹ̀nẹ̀ òde òní) ní ìwọ̀ oòrùn, Niger lókè, Chad àti Cameroon ní ìlà oòrùn. Gbogbo àwọn tó yí wa ká ń gba ọ̀tún, àwa nìkan là ń gba òsì láàárín wọn.

Fún ìlú mìíràn, èyí lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Fún Èjìgbò, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni. Àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, débi pé ìlú Ògìyán yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ ti lè gbọ́ Faransé lọ́jà, tí ẹ sì lè rí owó sẹ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbo ilé tí kò lẹ́ni ní Abidjan.

Ẹ jẹ́ ká wá bá ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ilẹ̀ lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1965 rìn. Láti ilé dé ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, apá òsì ni. Bó bá ti wọ Dàhòmì, ó di apá ọ̀tún, títí kọjá Tógò. Ní Aflao tó wọ Gánà, ó tún di òsì. Ó la Gánà já, ó kọjá Elubo bọ́ sí Côte d'Ivoire, ó tún padà di ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀nà yí ẹ̀gbẹ́ padà ní àlọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ní àbọ̀. Awakọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tó wá ń gba apá ọ̀tún ọ̀nà ilẹ̀ Faransé, etí igbó ló jókòó sí. Bó bá fẹ́ ya lọ́ọ̀rì tó wà níwájú sílẹ̀, kò lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódì kejì àfi tó bá yọ ìdajì ọkọ̀ tirẹ̀ síta. Mọ́tòbọ́ì tàbí èrò tó jókòó lápá òsì ni yóò bá a wò ó. Ẹ̀mí gbogbo ọkọ̀ wá wà lójú ẹnìkan tí kì í ṣe awakọ̀.

Gambia ló kọ́kọ́ bọ́ sápá ọ̀tún nínú àwa tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso, ní 1965. Sierra Leone tẹ̀ lé e ní 1971. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon yí tiwa padà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Àjíǹde gan-an. Ọjọ́ Àìkú náà ni Swídìn yàn nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1967. Ọjọ́ Àìkú náà ni Gánà yóò yàn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1974. (Oṣù mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ti ọ̀nà, ìjọba kan náà sọ pọ́n-ùn di náírà. Àwọn òbí wa àgbà rí àyípadà nígbà náà!)

Àmọ́ ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí mo rò pé a kì í sábà sọ. Nígbà tí Swídìn yí ọ̀nà padà, èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọn ti ní sítíárìn lápá òsì tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ló wá bá ọkọ̀ mu. Tiwa yàtọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Ìlú Ọba, Morris, Austin, Bedford, ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà. Òfin yí padà lọ́jọ́ kan. Irin kò lè yí padà lọ́jọ́ kan. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì wá ń já èrò sáàárín títì. Bọ́lẹ́kájà tí èrò ń gbẹ̀yìn wọ̀ ló bọ́ nínú ìyẹn. Ìgbà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná ní 1975, tí Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ nílùú Èkó lọ́dún kan náà, ni ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì wá ń ti ilé wa jáde.

Ibí yìí ni sítíárìn tó tẹ̀ ti tún wọ̀ ọ́. Ojú títì ọlọ́dà kì í tẹ́ bí tábìlì. Wọ́n máa ń mú àárín rẹ̀ ga díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn lọ sí gọ́tà. Ọkọ̀ tó bá ń gba apá òsì á máa fẹ́ yọ̀ lọ sí òsì, awakọ̀ á sì máa fa sítíárìn sọ́tùn-ún díẹ̀. Nígbà tí a bọ́ sápá ọ̀tún, ohun gbogbo dorí kodò: ọkọ̀ ń yọ̀ lọ sọ́tùn-ún, ọwọ́ ń fà á sósì. Nítorí èyí, ẹ má ṣe dá ọkọ̀ lẹ́jọ́ lójú títì tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wá pápá tó tẹ́jú kí ẹ tó sọ pé sítíárìn kò dúró dáadáa.

Bó bá wá dájú pé ó tẹ̀, ọ̀nà ẹ̀tàn kan wà tí àwọn mẹkáníìkì kan fẹ́ràn: wọ́n á tú nọ́ọ̀tù àárín sítíárìn, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á sì tún un tẹ̀ bọ̀ ọ́. Lójú, ó ti dára. Nísàlẹ̀, ráákì kò sí láàárín, ọkọ̀ á máa kọ́nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju èkejì lọ, wáyà àpò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn sítíárìn sì lè já. Àtúnṣe gidi wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà, bọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀jọ́ìntì. Ẹ yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kí ẹ ka iye ìgbà tó yí. Ìdajì iye náà ni àárín. Ẹ dè é mọ́bẹ̀, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tù táì-rọ́ọ̀dù méjèèjì. Bí ẹ bá fi ìlàjì yíyí kan mú ti ọ̀tún gùn, ẹ fi ìlàjì kan náà mú ti òsì kúrú. Bí ó bá burú sí i, ẹ yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ni táyà méjèèjì kò ní fẹjú síra wọn, sítíárìn nìkan ni yóò padà sáàyè rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tòkunbọ̀ tí wọ́n gbé wá láti Ìlú Ọba tàbí Jàpáánù, tí wọ́n gé dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, tí wọ́n gbé sítíárìn àti bíréèkì láti ọ̀tún sósì. Sítíárìn irú ọkọ̀ yìí lè tẹ̀ títí láé, nítorí ihò tí wọ́n fi gáàsì jó lára irin ló ń darí rẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé iná. Iná iwájú ọkọ̀ Ìlú Ọba ni a ṣe kí dípù rẹ̀ tàn sókè díẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà níbẹ̀. Lójú ọ̀nà tiwa, apá òsì yẹn ni ọkọ̀ ẹlòmíràn ti ń bọ̀, lójú ọ̀nà tóóró láàárín òru.

Láti Èjìgbò dé Abidjan lónìí, apá ọ̀tún kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ ní kí awakọ̀ kọjú rẹ̀ sí ògiri lálẹ́, kó tan dípù. Bí ìmọ́lẹ̀ lára ògiri bá ga lápá òsì ju ọ̀tún lọ, ọkọ̀ apá òsì ni, bó ti wù kí sítíárìn rẹ̀ dúró ṣánṣán tó.