Àgbẹ̀, akọ̀wé àti olùkọ́: àwọn tó ya nǹkan kéékèèké ní fótò nínú ilé ara wọn

Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun Dahomey tí a sábà máa ń sọ níbí. Ìtàn àwọn tó ya nǹkan kéékèèké ní fótò ni: ahọ́n eṣinṣin, ẹnu ewé, ẹ̀jẹ̀, òjò dídì. Mo yàn án nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀gá ní yunifásítì kankan. Ilé ara wọn ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ rò pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe sáyẹ́ǹsì jìnnà réré, pé olówó nìkan ló ń débẹ̀. N kò bá wọn wí, ohun tí ìwé fi hàn wọ́n nìyẹn.

Kí fótò tó dé rárá, ojú ló kọ́kọ́ sún mọ́ nǹkan. Ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, ọkùnrin kan wà tó ń tajà aṣọ, Antonie van Leeuwenhoek. 1632 ni wọ́n bí i. Àwọn aláṣọ ìgbà náà máa ń fi awò kékeré wo òwú aṣọ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó dára, bí àwọn ìyá wa lọ́jà ṣe máa ń fi ìka ra aṣọ kí wọ́n tó dá owó lé e. Leeuwenhoek bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò tó lágbára ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì ń fi wo gbogbo nǹkan. Láti 1673 ló ti ń kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society. Ní 1676 ó sọ fún wọn pé ẹ̀dá alààyè kéékèèké wà nínú omi tí ojú lásán kò lè rí.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: kò gbọ́ Látìn, èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ̀wé nígbà náà. Èdè ìyá rẹ̀ ló fi kọ gbogbo lẹ́tà náà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló lọ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ní 1680 wọ́n sì gbà á wọ ẹgbẹ́ wọn. Kí àwọn tó ń sọ pé a kò lè fi èdè wa sọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́ ìyẹn o.

Ṣùgbọ́n Leeuwenhoek kò ní ọ̀nà láti fi ohun tó rí pamọ́. Kò mọ àwòrán yà dáadáa, ó ní láti máa san owó fún ayàwòrán. Ohun tí ayàwòrán bá fi ọwọ́ yà, ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà yí padà ní 1839, nígbà tí ìjọba Faransé gbé ọ̀nà tí Daguerre ń gbà ya fótò jáde ní gbangba fún gbogbo ayé. Kò pẹ́ rárá tí dókítà kan ní Paris, Alfred Donné, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, fi so ẹ̀rọ náà mọ́ mikrosíkóòpù. Ní 1845 wọ́n tẹ ìwé àwòrán jáde, tí ẹ̀jẹ̀ àti wàrà wà nínú rẹ̀ bí mikrosíkóòpù ṣe fi wọ́n hàn. Ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà? Léon Foucault ni, ẹni tí gbogbo ọmọ CEG mọ orúkọ rẹ̀ nítorí pendúlù rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà á, ló bá fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ẹ̀jẹ̀ ló wá lọ́wọ́ nínú yíya ẹ̀jẹ̀ ní fótò!

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù ni Wilson Bentley. Àgbẹ̀ ni, ọmọ àgbẹ̀, ní abúlé Jericho ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní Amẹ́ríkà. 1865 ni wọ́n bí i. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀ kó tó wọlé ọkọ, òun ló sì fún un ní mikrosíkóòpù kan nígbà tó pé ọmọ ọdún 15. Ohun tí Bentley fi ń wò ni òjò dídì. Kì í ṣe yìnyín tó ń dún gbà-gbà lórí páànù wa ni mo ń sọ o. Èyí rọ̀ bí òwú, ó sì ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí a bá wo ẹyọ kan nínú rẹ̀ dáadáa, igun mẹ́fà ló sábà máa ń ní, ó dà bí iṣẹ́ ọnà.

Bentley kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ ya àwòrán wọn, ṣùgbọ́n kó tó yà á tán, ó ti yọ́. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀rọ fótò. Ohun tó gbówó lórí gan-an ni lójú àgbẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ka gbogbo rẹ̀ sí eré ọmọdé, síbẹ̀ wọ́n rà á fún un. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1885, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọmọ 20 ọdún, ó ya ẹyọ òjò dídì kan ní fótò. Òun ni a mọ̀ pé ó kọ́kọ́ ya irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Ó máa ń dúró ní ahéré tí kò sí iná nínú rẹ̀, kí ohun tó fẹ́ yà má bàa yọ́. Ó ń fi pátákó dúdú gba òjò dídì láti ojú ọ̀run. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń mú ẹyọ kan, á gbé e sórí dígí, á fi ìyẹ́ tòlótòló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó máa ń di èémí rẹ̀ mú nídìí iṣẹ́ náà, nítorí èémí ẹnu lásán tó láti bà á jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló lò, kò lo iná kankan. Lẹ́yìn náà, á mú ọ̀bẹ kékeré, á ha ẹ̀yìn àwòrán kúrò lára dígí kí ibẹ̀ lè dúdú kiriri. Àwọn kan bá a jà nítorí èyí, wọ́n ní ó ń tún àwòrán ṣe. Lójú tèmi, níwọ̀n bí kò ti fọwọ́ kan ara òjò dídì fúnra rẹ̀, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ya èyí tó lé ní 5,000 láyé rẹ̀, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní owó táṣẹ́rẹ́. Ní 1931 ìwé rẹ̀ jáde, àwòrán inú rẹ̀ lé ní 2,000. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, nínú ilé kan náà tó ti ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, akọ̀wé kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́, Percy Smith. Ó sún mọ́ eṣinṣin, ó ya ahọ́n rẹ̀ ní fótò. Oníṣòwò sinimá kan, Charles Urban, rí fótò náà, ló bá fún un níṣẹ́. Ní 1910 Smith gbé fíìmù kan jáde níbi tí òdòdó ti ń là lójú ẹni. Nínú ilé rẹ̀ ló ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní Berlin, olùkọ́ bíi tèmi ni Karl Blossfeldt. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ bí ewéko ṣe rí kí wọ́n lè fi ṣe iṣẹ́ ọnà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ kan, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ya igbó lásán, ewé tí ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìgbà tó pé ẹni 63, ní 1928, ni ìwé rẹ̀ tó jáde, tí ó sì di olókìkí.

Kí ni gbogbo wọn mọ̀? Wọ́n mọ̀ pé bí awò bá ṣe jìnnà sí fíìmù tó, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń tóbi tó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé awò yín jẹ́ ti mílímítà 50. Tí ẹ bá gbé e jìnnà sí fíìmù ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí kòkòrò náà sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 níwájú rẹ̀, kòkòrò náà yóò rí lórí fíìmù bó ṣe tóbi gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ óò san owó orí rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tí ẹ nílò yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tó hàn kedere yóò sì tín-ín-rín bí irun. Tí ojú kòkòrò bá hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní hàn.

Àwa náà ní àwọn ayafótò tiwa o. Joseph Moïse Agbodjelou ti Àjàṣẹ́, tí wọ́n bí ní 1912, wà lára àwọn tó lórúkọ jù. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni iṣẹ́ wọn: ìyàwó nínú aṣọ òkè, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, àgbà lórí àga. Mi ò bá wọn wí. Ta ni yóò sanwó kí wọ́n lè ya kòkòrò?

Lónìí a lè fi ẹ̀dínwó sí i, nítorí pé pọ́táàbù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún aago ṣe, ẹ bi í bóyá ó ní lúpù tí kò lò mọ́. Ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ iwájú awò pọ́táàbù. Ẹ má fi ìka fẹ àwòrán lójú ẹ̀rọ, ẹ sún pọ́táàbù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi hàn. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì fi ìwé funfun dá a padà láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ gbé pọ́táàbù lé agolo kan kó má bàa gbọ̀n. Àárọ̀ kùtù dára jù fún kòkòrò, òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n sáré.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni àgbàdo wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, kòkòrò kan tó wá láti Amẹ́ríkà bọ́ sí Benin, Togo àti Nàìjíríà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ń pè ní chenille légionnaire d'automne. Inú ọkàn àgbàdo, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ló máa ń wọ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì ń fín oògùn láì mọ èyí tó ń bá jà, owó rẹ̀ ló ń fín dànù. Ara òun fúnra rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: ìlà funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ tó dà bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ dé, àmì dúdú mẹ́rin sì wà lẹ́bàá ìdí rẹ̀ tó tò bí igun mẹ́rin àpótí. Ojú àgbà kò lè rí i kedere nínú oko. Lúpù kan àti pọ́táàbù lè fi í hàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ní oko àgbàdo, tí ẹ bá rí kòkòrò nínú ọkàn ewé, ẹ mú un wálé nínú ìgò. Ẹ ya orí rẹ̀, ẹ ya ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé fótò méjèèjì síbí, kí ẹ sì kọ ìlú yín àti orúkọ tí àwọn àgbà yín ń pè é sábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Kétu kan náà ni wọ́n ń pè é ní Ṣábẹ̀.